Ohun Tí Bàbá Ohùn Sọ Lẹ́bàá Fèrèsé

“Wọ́n ní ó sọ̀rọ̀.”

“Ta ló sọ̀rọ̀?”

“Bàbá Ohùn kẹ̀! Wọ́n ní alábẹ̀wò bi í ní nǹkan kan, ló bá...”

“Ló bá kí ni? Ẹ má dá mi lágara jàre.”

“Èmi ò sí níbẹ̀ o. Àmọ́ ẹni tó sọ fún mi ní bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde báyìí, alábẹ̀wò yọ awò ojú rẹ̀, ó wá...”

“Ó sunkún?”

“Ṣé mo ní ó sunkún ni? Ó ṣáà nu ojú. Àwọn kan ní èpè ni bàbá yẹn gbé e ṣẹ́. Àwọn kan ní ó rán an létí ohun kan tó ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé, pé...”

“Ọkùnrin tí wọ́n ti yọ gògóńgò rẹ̀? Ẹnu wo ló fi ṣẹ́ èpè?”

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù náà nìyẹn.”

Ìyá olùtàwé ló ń ròyìn, ìyàwó onígbàjámọ̀ ló ń gbà á. Inú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni wọ́n wà lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀kan wá gba aṣọ, èkejì wá wọnra. Ìyá àgbà tó ni ṣọ́ọ̀bù ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀, kò dá sí i. Ohun tí àwọn méjèèjì kò tètè rí ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an wà lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ó ń ṣa píìnì nílẹ̀.

“Áà, o wà níbí!” Ìyá olùtàwé bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sábẹ́ tábìlì. “Ọmọ dáadáa, ọmọ bí iyùn, sọ fún wa. Kí ni bàbá yẹn sọ?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mú píìnì méjì, ó fi wọ́n há ètè. Ẹni tó bá ti fi píìnì há ètè, ta ló jẹ́ bi í ní ọ̀rọ̀ tó gùn?

“Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀,” ni ìyá àgbà wí, kò gbójú sókè. “Ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀ ti sọ ọ́ tó. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà níbẹ̀ sinmi.”

Ojúlọ̀rọ̀wà ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé ìwé, nítorí pé bí èèyàn bá bá a sọ̀rọ̀, ojú ló fi ń dáhùn. Kì í ṣe agbéraga, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ níwèé. Bàbá àgbà rẹ̀ tó jẹ́ atẹ̀wé ló kọ́ ọ láti kékeré, lórí àwọn bébà tí ẹ̀rọ tẹ̀ bà jẹ́ tí wọn ì bá dà nù, títí bàbá náà fi re ibi àgbà ń rè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá àgbà tó mú un lọ sílé ìwé fún ọdún àṣekágbá. Bó bá di ti gírámà Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀. Fún un ní gbólóhùn tó wọ́, á tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ rí. Gẹ̀ẹ́sì inú orí ni tirẹ̀, kò tíì kan afẹ́fẹ́. Ìdánwò àṣekágbá sì ní apá kan tó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é, níwájú àlejò, ohùn sókè ketekete.

Bàbá Ohùn ló ń kọ́ wọn ní apá yẹn. Orúkọ náà ti wà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn àgbà ní nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, bó bá ń kàwé fún kíláàsì ní àjà kejì, ẹni tó ń gbálẹ̀ lójúde á fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, á dúró gbọ́ ọ. Ìyá àgbà ní òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ń ka orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yege. “Orúkọ lásán ni o,” ló máa ń wí, “orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Mo sì ń gbàdúrà kó má tán.”

Àìsàn ọ̀fun ló wá dé. Àwọn dókítà yọ gògóńgò rẹ̀, wọ́n sì dá ihò sí i lọ́rùn tó ń gbà mí. Ó yè. Ohùn rẹ̀ ló fi ra ẹ̀mí rẹ̀.

Gbogbo èèyàn rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ní oṣù kẹrin tí wọ́n ti yọ ọ́, bàbá yọ sí kíláàsì pẹ̀lú aṣọ funfun pẹ́lẹ́bẹ́ lọ́rùn, ó gbé páálí kan há abíyá. Ọ̀gá kíláàsì, tí wọ́n ń pè ní Díkíṣọ́nárì nítorí pé kò lè tọrọ omi láìfi ọ̀rọ̀ gígùn mẹ́ta sí i, yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí ẹni tó jókòó tì í.

“Olùkọ́ ohùn tí kò lóhùn! Onígbàjámọ̀ dé, kò mú abẹ dání.”

Bàbá gbọ́. Etí rẹ̀ kúkú ṣì mú. Ó tọ́ka sí Díkíṣọ́nárì pé kó dìde, kó wá pín ohun tó wà nínú páálí. Àfọ́kù dígí ni, mọ́kànlélógójì, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ti fi bébà oníyanrìn ha etí gbogbo wọn títí tí wọn kò fi lè gé ọmọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Abẹ́ dígí ni bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà, tí ó ti gé ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́.

Báyìí ló ṣe ń kọ́ wọn. Òun á fi ẹnu ṣe ọ̀rọ̀ náà láìsí ìró, ètè àti eyín àti ahọ́n nìkan. Àwọn á wò ó, wọ́n á wo ara wọn nínú dígí, wọ́n á wá fi ohùn tiwọn sí i. Iwájú ètè ni wọ́n ń gbé bébà sí: ìró kan wà tó gbọ́dọ̀ mú un fò, òmíràn wà tó gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ fún. Wọ́n ń fọwọ́ kan ọ̀fun ara wọn láti mọ ìró tó ń gbọ̀n níbẹ̀ àti èyí tí kì í gbọ̀n. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi ń sọ ibi tí ohùn ń lọ. Ọwọ́ gòkè, ohùn gòkè. Ọwọ́ wálẹ̀, ohùn wálẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣì í, kì í tọ́ka sí ẹni tó ṣì í. Á gbé ìka kan sókè, á dúró. Gbogbo kíláàsì á wá máa wá àṣìṣe náà láàárín ara wọn bí ẹni ń wá òrùka nínú yanrìn, títí wọ́n á fi rí i. Díkíṣọ́nárì, tó ti ń pe “three” bí “tree”, bí ẹni ń pe igi, láti ọjọ́ tó ti dáyé, fi ahọ́n sáàárín eyín lọ́jọ́ kan, ó wo dígí, ó figbe ta: “Yéè! Àṣé ibẹ̀ ló ń gbé!”

Ti gírámà, pátákó ló ń lò. Á kọ gbólóhùn tó ní àléébù sí i, á ká apá, á jókòó ti fèrèsé, kí wọ́n jà á láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá jà á tán tí wọ́n sì tún un ṣe, á ki ẹ̀fun bọ ẹni tó kéré ohùn jù lọ nínú ìjà náà lọ́wọ́, kó lọ kọ ọ́. Ojúlọ̀rọ̀wà ni ẹ̀fun máa ń kàn.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú kí irun ara ọmọ náà dìde ni ìwé kíkà. Bàbá á ṣí ìwé, á máa fi ẹnu lásán kà á, àwọn á sì máa gbé e jáde. Ohùn mọ́kànlélógójì láti ẹnu ẹyọ kan. Ní oṣù àkọ́kọ́, wọ́n ń lé e bí ẹni ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Nígbà tó pẹ́, wọn kò lé e mọ́, wọ́n ń bá a rìn. Akunlé tó ń kun ògiri ìta dúró sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ọ̀dà ń kán sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Ojúlọ̀rọ̀wà wo akunlé, ó wo bàbá, ó sì wí nínú ara rẹ̀ pé wọn kò mú ohùn ọkùnrin yìí lọ o. Wọ́n kàn tú u ká ni.

Òun náà ń sọ ọ́, àmọ́ láàárín ogójì èèyàn ni. Bí òjò bá ń rọ̀ sódò, ta ló ń gbọ́ ẹ̀kán kan?

Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí ìdánwò ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Màmá Pirinsípà fúnra rẹ̀ ló kà á fún kíláàsì. Kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lójú títì. Ẹnìkan ti fi ẹjọ́ sùn pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Bí ohun tó bá rí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Bàbá Ohùn á lọ sinmi sílé láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n á sì da kíláàsì méjì pọ̀, ọgọ́rin ọmọ nínú yàrá kan, kí wọ́n máa gbọ́ ohùn láti inú ẹ̀rọ.

Ojúlọ̀rọ̀wà délé, kò lè jẹun tán.

“Kí ló dé?” ni ìyá àgbà bi í.

“Wọ́n fẹ́ lé e, màmá.”

“Ta ni wọ́n fẹ́ lé?”

“Bàbá Ohùn. Alábẹ̀wò á ní kò lè sọ̀rọ̀.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ lè sọ ọ́?”

Ọmọ náà ti àwo sẹ́yìn.

“Ẹ bá a sọ ọ́ nígbà náà,” ni ìyá àgbà wí, ó sì fa àwo sún mọ́ ọn. “Jẹun.”

Lọ́jọ́bọ̀, alábẹ̀wò dé. Ọkùnrin gíga ni, ó wọ kóòtù, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, kò sì jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ṣí fáìlì lé orókún. Bàbá ṣí ìwé. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn, kíláàsì sì gbé e. Ó dùn débi pé Màmá Pirinsípà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà mí kanlẹ̀.

“Ó dáa,” ni alábẹ̀wò wí. “Àmọ́ wọ́n ti há a sórí. Ayékòótọ́ náà lè há ju báyìí lọ.”

Ó dìde, ó fa ìwé ìròyìn àárọ̀ ọjọ́ náà yọ nínú báàgì, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi lé bàbá lọ́wọ́. Ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó na ìka sí ìlà tó fẹ́. “Ẹ ka eléyìí.”

Bàbá kà á, wọ́n gbé e. Ìròyìn afárá kan ni, tí wọ́n fẹ́ tì pa fún àtúnṣe. Kò sí adùn kankan nínú rẹ̀, iye irin àti iye oṣù ló kún inú rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò já ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

“Mo gbọ́,” ni alábẹ̀wò tún wí. “Àmọ́ ogójì ohùn, ibi ìfarapamọ́ ni. Ẹni mẹ́rin á mọ̀ ọ́n, àwọn yòókù á máa la ẹnu. Ẹnì kan ni mo fẹ́.” Díkíṣọ́nárì ti dìde kí ó tó parí ọ̀rọ̀. “Jókòó, ọ̀gbẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ́ ni mò ń wá. Ìwọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìwọ tí ò ń wo ilẹ̀. Máa bọ̀.”

“Ó ti tán,” ni Díkíṣọ́nárì wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ayé rẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ gígùn fi kún un.

Bí ẹsẹ̀ Ojúlọ̀rọ̀wà ṣe gbé e dé iwájú, kò mọ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kọjá; ó rí i kedere bí ẹní rí òwú nínú ojú abẹ́rẹ́, kò lè gbé e. Ọ̀rọ̀ kejì kọjá. Ẹnu bàbá dúró. Kò mi orí, kò ṣẹ́jú sí i, kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn fọwọ́ kan aṣọ funfun ọrùn rẹ̀, níbi tí ohunkóhun kì í ti í gbọ̀n mọ́, ó sì ń retí rẹ̀.

Ọmọ náà fọwọ́ kan ọ̀fun tirẹ̀. Ohun kan ń gbọ̀n níbẹ̀. Ẹ̀rù ni, àmọ́ ó ń gbọ̀n. Ohun tí bàbá yìí kò ní ló wà lọ́wọ́ mi, ló rò, èmi ni mo wá ń fi í pamọ́.

Ló bá la ẹnu.

Ohùn tó jáde yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀. Kò ga, kò sì rẹlẹ̀. Ó bá ọwọ́ bàbá gòkè, ó bá a wálẹ̀. Nígbà tí bàbá dá ẹnu dúró kó lè mí, òun náà mí. Afárá, irin, oṣù mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ́ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ìka alábẹ̀wò tó ń tẹ̀lé ìlà lórí ìwé ìròyìn dúró láàárín. Ó ti gbàgbé láti máa tẹ̀lé e. Ogójì èèyàn ló ti ń jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò sí ọ̀kan tó mọ̀ pé irú nǹkan báyẹn wà nínú rẹ̀. Àwọn kan rọra gbé dígí wọn sílẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni tí àgbà wọlé bá.

Alábẹ̀wò ká ìwé ìròyìn rẹ̀. Ó mú bàbá lọ́wọ́ lọ sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n kẹ́yìn sí kíláàsì, ó sì ṣẹ́wọ́ sí ọmọ náà pé kó tẹ̀lé àwọn. Èdè ilé ló sọ báyìí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

“Bàbá, iṣẹ́ yín dáa. N ò lè purọ́. Àmọ́ dókítà ti kọ̀wé pé kí ẹ sinmi. Tí ẹ bá lọ sílé lónìí, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Kí ló dé tí ẹ ò lọ sinmi, sà?”

Bàbá yíjú sí ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, èdè ilé ni òun náà fi sọ ọ́. Ẹ̀rù ba ọmọ náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń kà lẹ́nu rẹ̀. Èdè tiwa ṣòro lórí ètè, ohùn ló gbé ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú àyà, ó ń gbé e gòkè, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ sáàárín, lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo rẹ̀ fi tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ náà ń gbé e jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí etí alábẹ̀wò nìkan. Gbólóhùn mélòó kan ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò tíì gbọ́ ọ, kò yẹ kí àwa ṣáájú rẹ̀.

Nígbà tó parí, alábẹ̀wò yọ awò ojú, ó nù ún. Ojú rẹ̀ náà, ó nù ún. Ó kọ ìlà kan sínú fáìlì, ó fi han Màmá Pirinsípà: kí bàbá máa bá wọn lọ títí wọ́n á fi ṣe ìdánwò. Ló bá lọ. Bàbá wo ọmọ náà, ó fi ìka kan lé ètè. Ẹni tí kò lóhùn ló ń bẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohùn pé kó dákẹ́.

Ó sì dákẹ́. Díkíṣọ́nárì fi súìtì bẹ̀ ẹ́, ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Ilé tí òtítọ́ bá sì ti dákẹ́, irọ́ ló ń gba àlejò níbẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, bàbá ti ṣépè. Kí ilẹ̀ Àbámẹ́ta tó mọ́, ó ti tú àṣírí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ṣọ́ọ̀bù ìyá àgbà nìyẹn, tí ọmọ fi píìnì há ètè.

Ìyá olùtàwé tún ti ń bẹ̀rẹ̀. “Èmi gbọ́ láti ibòmíràn pé...” Ọ̀rọ̀ gé mọ́ ọn lẹ́nu. Òjìji èèyàn méjì ti bo ẹnu ọ̀nà.

Bàbá Ohùn ni, ó di obìnrin kan lọ́wọ́ mú. Ojú obìnrin náà là sílẹ̀, kò sì wo ibì kankan. Ẹsẹ̀ ló fi ń wá àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, kì í sábà jáde. Ìyàwó onígbàjámọ̀ fò dìde, ó gbé àga rẹ̀ fún un.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ilé yìí.”

“Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó, mà.”

“Wọ́n ní ọmọ kan wà níbí tó ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ jáde.”

Ọmọ náà yọ píìnì kúrò létè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sínú agolo.

“Àdúgbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí,” ni obìnrin náà wí. “Ẹnìkan dé láàárọ̀, ó ní ọkọ mi ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀, kò fi ṣépè rí, ìgbà tí kò sí mọ́ ló wá fẹ́ fi ṣe é? Mo bi òun fúnra rẹ̀. Tábìlì la fi ń sọ̀rọ̀ nílé: ó bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ni, ó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, rárá ni. Mo ní, ṣé èpè ni? Ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, ṣé ọ̀rọ̀ mi wà níbẹ̀ ni? Ó pẹ́, ó kàn án lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, kí ló wá sọ? Ìyẹn ni tábìlì kò lè dáhùn. Ló bá fà mí lọ́wọ́, a sì rìn dé ibí.”

Ẹ̀rọ ìyá àgbà dákẹ́. Ìyá olùtàwé ń wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ojúlọ̀rọ̀wà jáde lábẹ́ tábìlì, ó wo bàbá lójú. Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì rọra tì í lẹ́yìn sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

“Màmá,” ni ọmọ náà wí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì gbọ́ ọ, “ohun tí bàbá sọ nìyí. N ò yọ nǹkan kan kúrò, n ò fi nǹkan kan kún un. Ó ní:

“‘Ọ̀gá, ìyàwó mi kò ríran, èmi kò lóhùn. Kò mọ̀wé, ká ní mo fẹ́ kọ ọ́ sí i lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi abẹ kàn mí lọ́fun, oṣù mẹ́sàn-án rèé, n kò tíì kí i káàárọ̀. Inú yàrá yìí nìkan ni mo ti ń sọ̀rọ̀ tí ẹnìkan ń gbọ́. Bí ẹ bá ní kí n máa lọ sílé, ẹ ní kí n lọ dákẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí parí. Bóyá ọ̀kan nínú wọn á bá mi kí i.’”